Ní Jos, ẹ gbafẹ́ lórí omi kí ilẹ̀ tó ṣú

Ìlú Jos kò sí létí òkun, ṣùgbọ́n ó ní omi tí a lè fi ọkọ̀ gbafẹ́ lórí rẹ̀. Ilẹ̀ tí àwọn awakùsà tánganran gbẹ́ ní Rayfield ni omi kún, tó di adágún. Èrò mi ni pé kí ẹ wọkọ̀ ṣáájú kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹ sì jẹun alẹ́ lórí ilẹ̀. Etí kòtò ìwakùsà sábà máa ń jìn lójijì, òkùnkùn kì í sì í jẹ́ kí a mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí. Jos tún ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju òkun lọ. Lásìkò ọyẹ́, òtútù alẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Àwọn kan á ní, ṣebí wọ́n ń jẹun alẹ́ nínú ọkọ̀ l'Ékòó? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n iná ìlú ni wọ́n ń wò lójú ọ̀sà, pàápàá ti afárá Lẹ́kì sí Ìkòyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2013. Àpáta àti ìwọ̀ oòrùn ni ẹwà Jos, alẹ́ ló sì ń bò wọ́n. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè ẹ̀wù amúniléfòó fún olúkúlùkù, tọmọdé tàgbà. Bí kò bá kárí, ẹ má wọ ọkọ̀ náà rárá.