Ọpẹ́ Ìkórè ní Wagadúgù

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn baba wa fi ń tọ́ ọmọ kí ó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Òun náà ni ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a rí i pé àwọn ilé-ìwé kan láàrin wa, tí ìwé Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kà, a máa jẹ́ kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ fi pépà gé àwòrán tòlótòló ní ìparí oṣù Kọkànlá, kí wọ́n lè bá àwọn ará òkè òkun ṣe Ọjọ́ Ìdúpẹ́ wọn.

A kò bá ará Amẹ́ríkà jà. Abraham Lincoln ni ó kéde ọjọ́ náà fún gbogbo orílẹ̀-èdè wọn ní 1863, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà wọ́n lọ́wọ́. Òfin ọdún 1941 ni ó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù Kọkànlá. Àsè tí wọ́n ń rántí ni èyí tí àwọn àtìpó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Wampanoag, onílẹ̀, jùmọ̀ jẹ lẹ́yìn ìkórè ọdún 1621. Láti 1970 ni àwọn kan nínú àwọn onílẹ̀ náà ti sọ ọjọ́ yìí di ọjọ́ ọ̀fọ̀, nítorí ohun tí ó dé bá wọn lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ oúnjẹ tán. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ sọ ìtàn náà fún ọmọ, kí ó sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n bí ọpẹ́ ìkórè ni a fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wa, kò yẹ kí a rékọjá òkun ńlá kí a tó rí àpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí a kọjú sí àríwá, sí Wagadúgù, olú-ìlú Bùrùkínà Fasò.

Ìkànìyàn ọdún 2019 rí ju 2,400,000 ènìyàn lọ ní ìlú yìí. Alùpùpù àti kẹ̀kẹ́ kún ìgboro rẹ̀ bí eéṣú. A máa rí baba tí ó gbé ọmọ kan síwájú, tí ìyá jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú ìkókó tí ó pọ̀n, tí wọ́n ń lọ jẹ́jẹ́ nínú eruku pupa. Síbẹ̀, ọkàn ìlú náà kò tí ì kúrò lóko. Àwa tí òjò ń rọ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tí a ń kórè àgbàdo kí a tún tó gbin òmíràn, kò lè tètè mọ ohun tí ìkórè jẹ́ fún wọn. Òjò kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún tàbí Ìkẹfà, á sì dá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá. Ohun tí ilẹ̀ bá mú jáde láàrin oṣù díẹ̀ yìí ni ilé yóò jẹ títí di ọdún tí ń bọ̀. Ọ̀dá tí ó mú gbogbo agbègbè Sahel láti 1968 títí di 1974 kọ́ àwọn àgbàlagbà wọn ní ẹ̀kọ́ tí wọn kò gbàgbé. Nítorí náà, nígbà tí ọyẹ́ bá kọ́kọ́ fẹ́ ní oṣù Kọkànlá, tí wọ́n sì rí jéró àti ọkà bàbà nínú àká, ọpẹ́ tí ó ti ẹnu ìyá ọlọ́mọ jáde kì í ṣe ọpẹ́ ojú ayé.

Ẹ wá wo ohun tí ó wà nínú ìkòkò, kí ẹ rí i bí ilé wọn ṣe súnmọ́ ilé wa tó. Oúnjẹ tí ọmọ Mọ́sì ń jẹ dàgbà ni tùwó jéró tàbí ti ọkà bàbà, tí wọ́n ń pè ní sagbo. Ọbẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ilá, ó lè jẹ́ ewé oṣè, ó sì lè jẹ́ ewé ìṣápá. Ìṣápá kan náà tí ìyá Èkìtì fi ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni. Ohun tí ó ń mú ọbẹ̀ náà ta sánsán ni irú tí wọ́n ń fi èso igi igbá ṣe, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní soumbala. Bí àlejò bá wọlé, omi tútù lásán kọ́ ni wọn ń gbé fún un bí agbára bá wà. Zoom-koom ni wọ́n ń bù wá: ìyẹ̀fun jéró tí a pò mọ́ omi, tí a fi atalẹ̀ sí. Ìtumọ̀ orúkọ náà kò ju “omi ìyẹ̀fun” lọ. Ọmọdé ni a sábà ń rán láti gbé e wá, ọwọ́ méjèèjì ni ó sì gbọ́dọ̀ fi gbé e.

“Bárkà” ni wọ́n fi ń dúpẹ́ ní èdè Móòrè. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ wa “alùbáríkà” yóò mọ̀ pé ọmọ ìyá ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Èdè Lárúbáwá ni ó bí wọn. Wọ́n sì ń fi ọpẹ́ yìí sọ ọmọ lórúkọ. Barkwendé ni ọmọ tí òbí fi bí rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, bí àwa ti ń pe tiwa ní Ọpẹ́yẹmí àti Modúpẹ́. Wendkuni ni ẹ̀bùn Ọlọ́run.

Nínú àṣà ìbílẹ̀ wọn, Basga ni àjọ̀dún tí a fi ń dúpẹ́ ìkórè. Ọjọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Àwọn obìnrin yóò ti pọn ọtí ọkà bàbà sílẹ̀. Olórí ilé yóò fi ọtí náà àti adìyẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn baba ńlá. Àwọn ọmọdé, tí ó ṣe pé ẹran ni ojú wọn ń wò láti òwúrọ̀, yóò wá rí tiwọn gbà. Lóde òní, ju 60 lọ nínú 100 ènìyàn orílẹ̀-èdè náà ni ó jẹ́ Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì sì ju 20 lọ. Kò ṣòro láti rí ilé kan tí ẹ̀gbọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, tí àbúrò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwo oúnjẹ ọdún sì ń kọjá láti ìyẹ̀wù kan sí èkejì. Àwa ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé lórí èyí.

Àmọ́ ọpẹ́ ìyá ní Wagadúgù kò mọ sí ti àká. Ọyẹ́ tí ó ń gbẹ ọkà náà ni ó ń gbé àrùn yírunyírun wá. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹfà, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ tí eruku sì ń bo ọ̀fun ọmọ, ni àrùn yìí máa ń jà ní gbogbo ẹkùn náà. Ní 1996, ó mú nǹkan bí 250,000 ènìyàn ní ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì pa nǹkan bí 25,000. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ohun tí ìjọba Thomas Sankara ṣe ní ìparí ọdún 1984 tó ohun tí à ń fi ọjọ́ ìdúpẹ́ rántí. Ọdún náà gan-an ni wọ́n pa orúkọ Upper Volta rẹ́, tí wọ́n sọ ilẹ̀ wọn ní Bùrùkínà Fasò. Láàrin oṣù Kọkànlá sí Ìkejìlá, kí àsìkò àrùn tó dé, wọ́n gún àwọn ọmọ tí iye wọn ju 2,000,000 lọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára yírunyírun, èèyi àti ibà apọ́njú, láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá 2010, Wagadúgù yìí kan náà ni wọ́n ti ṣí ìgúnni abẹ́rẹ́ tuntun tí a dìídì ṣe nítorí irú yírunyírun tí ó ń jà ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìyá tí ó ti sin ọmọ kan rí mọ iye tí abẹ́rẹ́ yẹn tó.

Sankara yìí náà ni ó ní kí àwọn ọkùnrin Wagadúgù lọ ná ọjà kí wọ́n sì wá dáná ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 1984, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí iye owó ọbẹ̀ àti làálàá obìnrin. A lè fojú inú wo àwọn olórí ilé tí wọ́n gbé agbọ̀n dání, tí wọn kò mọ bí a ti ń ná ata! Ó sì ń tẹnu mọ́ ọn pé ohun tí ilẹ̀ wọn hù ni kí wọ́n jẹ, aṣọ tí wọ́n hun fúnra wọn ni kí wọ́n wọ̀. Wọ́n pa á ní 15 oṣù Kẹwàá 1987. A kò gba gbogbo ohun tí ìjọba rẹ̀ ṣe ní rere. Ìjọba ológun kò ní kí ó má ní àbùkù. Ṣùgbọ́n nípa àwo oúnjẹ ọmọdé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà.

Àwọn ènìyàn tiwa náà wà níbẹ̀. Òwò ni ó gbé wọn dé, láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gánà pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, àìmọye ìdílé Yorùbá ni ó di ẹrù lé orí ọmọ. Gbogbo wọn kọ́ ni ó sì padà wálé, àwọn mìíràn yà sí àwọn ilẹ̀ tí Faransé ti ṣe ìjọba. Àwọn oníṣòwò Yorùbá ni ó gbé ìsìn Onítẹ̀bọmi dé Wagadúgù kí àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà tó bá wọn níbẹ̀. Níbikíbi tí irú ìjọ bẹ́ẹ̀ bá wà, ìsìn Ìkórè kì í gbẹ́yìn: ọmọdé yóò ru iṣu, wọn yóò lu ohun ọ̀gbìn ní gbàǹjo, ariwo yóò sì sọ.

Ìṣòro àwọn ọmọ náà ni ti èdè. Faransé ni ti ilé-ìwé, Móòrè ni ti òpópó. Yorùbá kò ní ju ẹnu ìyá lọ, bí ìyá bá sì gbé e jù sílẹ̀, ó parí. Ní ìparí ọdún 2023, àwọn aṣòfin Bùrùkínà Fasò sọ àwọn èdè ìbílẹ̀ wọn di èdè ìjọba, wọ́n sì sọ Faransé kalẹ̀ di èdè iṣẹ́ lásán. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rántí pé láti 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Ilé-Ifẹ̀ pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, kí ó má sì rẹ̀yìn. Kí ni a ti fi ẹ̀rí náà ṣe?

Ìkórè àwọn ọdún àìpẹ́ yìí kò dọ́gba fún gbogbo ilé ní ilẹ̀ náà. Àwọn agbébọn ti lé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kúrò lóko. Ní 2023, àwọn tí ó sá fi ilé wọn sílẹ̀ ju 2,000,000 lọ, ilé-ìwé tí ó tì pa sì ju 6,000. Ìbátan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sá tọ̀ lọ. Ìyá tí ó ń ro tùwó fún ọmọ mẹ́rin tẹ́lẹ̀ ń rò ó fún mẹ́sàn-án báyìí, nínú ìkòkò kan náà, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ó sì ń kọ́kọ́ bù fún.