Bí Ọmọ Yín Bá Fẹ́ Lọ Kọ́ Ìmọ̀ Kíkó Ẹrù ní Òkè Òkun

Ọ̀rọ̀ wa lónìí kan ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín gba bac, tí ó ní òun fẹ́ lọ gba master lórí ohun tí Faransé ń pè ní logistique. Ẹ má tíì ta ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé yìí.

Kí ni ẹ̀kọ́ náà?

Ẹ wo kajú yín. Kí ó tó di owó, a ó sá a kí ó gbẹ, a ó dì í sínú àpò, a ó tọ́jú rẹ̀ síbi tí òjò kò dé, a ó wá ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, tí òjò sì pa á, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Bí ẹrù ṣe ń kúrò lóko dé ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó, láìbàjẹ́, láìpẹ́, láìjẹ owó púpọ̀, ìmọ̀ yẹn ni wọ́n ń kọ́.

Iṣẹ́ gidi ni. Ní ọdún 2023, wọ́n ti ẹnubodè Benin àti Niger. Ẹrù Niger tí ó ti dé èbúté Kútọnu há síbẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba Benin fòfin de kíkó kajú tí a kò tíì fọ́ lọ sí òkè òkun. Ilé iṣẹ́ tí ń fọ́ kajú, bí irú èyí tí ó wà ní Glo-Djigbé, ni ó ní láti máa lọ. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí ni yóò wá ọ̀nà mìíràn fún ẹrù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ọdún mélòó ni?

Lẹ́yìn bac, ọdún 3 ni licence. Lẹ́yìn licence, ọdún 2 ni master. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bac kò lè bẹ̀rẹ̀ master. Ó lè gba licence nílé níbí, kí ó wá lọ fún ọdún 2 ìkẹyìn nìkan. Ìnáwó á dín kù.

Èló ni?

Ní ọdún 2019, ìjọba Faransé fi owó master ní yunifásítì ìjọba sí euro 3.770 lọ́dún fún ọmọ ilẹ̀ wa. Èyí ju fránkì 2.470.000 lọ. Àwọn yunifásítì kan ń dín in kù, ẹ béèrè. Owó ilé, oúnjẹ àti ọkọ̀ òfuurufú kò sí nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò sì lè ṣiṣẹ́ ju wákàtí 964 lọ lọ́dún níbẹ̀. Ẹ má retí pé yóò máa fi owó ránṣẹ́ sílé.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní Malmö, ní ilẹ̀ Sweden, yunifásítì kan wà láti ọdún 1983 fún iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi àti èbúté. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lọ síbẹ̀ ti ṣiṣẹ́ nílé tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ lè ṣáájú master.

Ẹ ṣọ́ra

1. Físà kì í ṣe ọjà. Ẹni tí ó ní òun yóò tà á fún yín, ẹ sá fún un.
2. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Faransé, ọ̀dọ̀ Campus France ní Kútọnu ni kí ó gbà.
3. Bí ìwé ìgbaniwọlé bá dé, kí ọmọ kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ kí ó mọ̀ bóyá òótọ́ ni.
4. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìjọba bóyá wọn yóò gba ìwé ẹ̀rí náà ní Benin.

Ẹ mú bébà. Ẹ kọ gbogbo ìnáwó ọdún 2 sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ kọ ohun tí kajú àti iṣu yín ń mú wá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ẹ̀gbẹ́ kejì kò bá tó, ẹ ní kí ọmọ ṣe sùúrù, kí ó wá ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́. Ilẹ̀ tí a tà kì í tètè padà. Ìdí nìyí tí a fi kọ́ ìwé àti ìṣirò: kí ẹnikẹ́ni má lè fi bébà tàn wá jẹ.