Ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ fi sọ ìtàn Nyai Ontosoroh

Ní ọdún 2019, nígbà tí sinimá Bumi Manusia jáde ní Indonéṣíà, Sha Ine Febriyanti ló ṣe Nyai Ontosoroh, ọ̀kan lára àwọn obìnrin tí òkìkí wọn kàn jù nínú ìtàn àròsọ ilẹ̀ náà. Pramoedya Ananta Toer ló kọ ìwé tí wọ́n gbé sinimá náà kà. Kí ó tó kọ ọ́, ẹnu ló fi sọ ọ́, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Oṣù Kẹwàá ọdún 1965 ni wọ́n mú Pramoedya nílé rẹ̀ ní Jakarta, nígbà rògbòdìyàn tó gbé Ọ̀gágun Suharto gorí àlééfà. Wọn kò bá a ṣẹjọ́ títí tó fi lo ọdún mẹ́rìnlá látìmọ́lé. Àwọn ìwé àti àkọsílẹ̀ tó ti kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣègbé. Lára wọn ni apá méjì tó yẹ kó tẹ̀lé Gadis Pantai, ìtàn tó gbé ka ìgbésí ayé ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Ọmọ apẹja ni ọmọbìnrin inú ìtàn náà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí wọ́n fà á fún ọlọ́lá kan. Ọkọ kò tilẹ̀ yọjú síbi ìgbéyàwó. Ọ̀bẹ rẹ̀ ló fi rọ́pò ara rẹ̀. Nígbà tó bímọ tán, wọ́n gba ọmọ, wọ́n sì lé e jáde.

Ní 1969, wọ́n kó Pramoedya àti àwọn mìíràn lọ sí erékùṣù Buru, níbi tí wọ́n ti ń ṣán igbó, tí wọ́n ń gbin ìrẹsì, tí àwọn sójà sì ń fìyà jẹ wọ́n. Wọn kò gbà á láyè láti kọ nǹkan kan. Nígbà tí ọkàn àwọn ọkùnrin náà ń rẹ̀wẹ̀sì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn obìnrin kan tó dá kojú àwọn òyìnbó amúnisìn Holland. Bí obìnrin tí kò ní alátìlẹ́yìn bá lè dúró, kí ni tiwọn?

Sanikem ni orúkọ àbísọ obìnrin náà, Nyai Ontosoroh. Bíi ti ọmọbìnrin inú Gadis Pantai, kì í ṣe òun ló yan ọkùnrin tó bá gbé. Bàbá rẹ̀, akọ̀wé ilé iṣẹ́ ṣúgà, ń wá ipò, ó sì tà á fún ọ̀gá ibẹ̀, òyìnbó Herman Mellema. Ojú àlè ni ará ìlú fi ń wo irú obìnrin bẹ́ẹ̀, nyai sì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé a máa fún akọni obìnrin ní idà. Ìwé ìṣirò owó àti èdè Dutch ni Pramoedya fún Sanikem. Ó kàwé, ó mọ òwò, nígbà tí orí Mellema sì dàrú, òun ló ń darí oko màlúù wọn ní Wonokromo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Surabaya. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ wá kí i, ó kọ̀ láti rí wọn.

Mellema kú, òfin sì yọjú. Ọmọ tí ìyàwó tó fòfin fẹ́ ní Holland bí fún un ló wá gba ogún. Ilé ẹjọ́ Amsterdam ní Nyai kò láṣẹ lórí Annelies, ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ. Nyai gba lọ́yà, ó sọ̀rọ̀ ní kóòtù, ó jà dé òpin, síbẹ̀ ó pàdánù. Pramoedya kò jẹ́ kó borí, torí àwọn tó ń gbọ́ ìtàn náà mọ ohun tí ìjọba lè fi òfin ṣe. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ó borí, wọn ìbá mọ̀ pé irọ́ ni.

Nígbà tí wọ́n gba Pramoedya láyè láti kọ̀wé ní 1973, àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù bá a ṣe nínú iṣẹ́ oko rẹ̀ kí ó lè ráyè. Ó gba ìtúsílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1979. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, òun àti ọ̀rẹ́ méjì tí àwọn náà ti ṣẹ̀wọ̀n dá ilé ìtẹ̀wé Hasta Mitra sílẹ̀, wọ́n sì tẹ Bumi Manusia jáde. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1981, ìjọba fòfin dè é, wọ́n ní ó ń tan ẹ̀kọ́ kọ́múníìsì kálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ 1898 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ kọ́múníìsì kankan kò tíì sí nílẹ̀ náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni obìnrin tí òfin kò kà sí, tó ń bi òfin pé ta ló fún un láṣẹ. Ìjọba tó ti àwọn èèyàn mọ́lé láìṣẹjọ́ kò lè gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kí ara má ta á.