Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Tí Ó Bi Ìgbàgbọ́ Rẹ̀ Léèrè

Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1984, bí àwọn ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì ní ìpínlẹ̀ Utah lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ti ń ṣe àjọ̀dún ọjọ́ tí àwọn baba ńlá wọn gúnlẹ̀ sí àfonífojì Salt Lake ní ọdún 1847, bẹ́ẹ̀ ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Ron àti Dan Lafferty, wọ ilé Allen àbúrò wọn ní ìlú American Fork, wọ́n pa Brenda ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì pa Erica, ọmọ-ọwọ́ olóṣù 15, mọ́ ọn. Kì í ṣe ìjà ogún, kì í ṣe ọ̀ràn gbèsè. Ron ní Ọlọ́run, Ọba adákẹ́dájọ́, ni ó la ẹnu bá òun sọ̀rọ̀, tí ó sì ka orúkọ àwọn tí a óò mú kúrò láyé.

Ọ̀ràn yìí ni Jon Krakauer fi ṣe ìwé ní ọdún 2003, tí Dustin Lance Black, ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ìjọ náà gan-an, sì sọ di eré tẹlifíṣọ̀n alápá méje ní ọdún 2022, tí ó pè ní Under the Banner of Heaven. Jeb Pyre, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Andrew Garfield ṣe, kò sí láyé rí. Black ni ó fi orí ara rẹ̀ dá a. Onígbàgbọ́ jẹ́jẹ́ ni, tí ń bá aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ gbàdúrà, tí ó sì gbà pé ohun tí àgbà ìjọ bá ti sọ, abẹ gé e. Wọ́n ní àjèjì a lójú ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Ti Bill Taba ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Paiute tí kì í ṣe ọmọ ìjọ, kò rí bẹ́ẹ̀ (àwọn èèyàn tirẹ̀ ni wọ́n sì ti wà nílẹ̀ náà kí Mọ́mọ́nì tó dé).

Ibi tí eré náà ti dùn jù ni yàrá tí Pyre ti ń fi ọ̀rọ̀ wá Allen lẹ́nu wò. Allen fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí, nítorí tí ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n dípò kí ó máa wẹ ara rẹ̀ mọ́, ìtàn ìjọ ni ó ń tú sílẹ̀ fún ọlọ́pàá: ti Joseph Smith tí ó dá ìjọ sílẹ̀ ní ọdún 1830, àti ti ìkóbìnrinjọ tí ìjọ kò fòpin sí ní gbangba títí di ọdún 1890. Pyre fẹ́ orúkọ apànìyàn, ìtàn ni wọ́n ń bù fún un, ìtàn ọ̀hún sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn díẹ̀díẹ̀ ju òkú lọ. Abéèrè kì í ṣìnà ni tiwa. Ní ilé Lafferty, ìbéèrè ni ẹ̀ṣẹ̀ Brenda, obìnrin tí ó kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní yunifásítì, tí kò gbà kí ọkọ rẹ̀ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, tí ó sì gbè sẹ́yìn ìyàwó Ron nígbà tí ìyẹn kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn ọmọ ìjọ kan bínú sí eré yìí, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú, nítorí pé ìjọ ti lé Ron àti Dan jáde kí wọ́n tó pànìyàn. Síbẹ̀, Pyre ti béèrè ohun tí kò ṣeé fi ọwọ́ gbá sẹ́yìn: bí wòlíì bá lè gbọ́ ohùn Ọlọ́run, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dán ohùn náà wò, òṣùwọ̀n wo ni a óò fi mọ̀ pé èyí tí Ron gbọ́ kì í ṣe ti Ọlọ́run? Lójú tèmi, àìdáhùn eré náà ni ọlá rẹ̀.

Ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún Ron, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pa á, ó kú ikú ara rẹ̀ lẹ́wọ̀n ní ọdún 2019. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún Dan.