Ẹ Má Jẹ́ Kí Epo Tiransifọ́mà Wọ Kànga: Ìlàlóye fún Òṣìṣẹ́ Iná àti Ará Ìlú ní Ìpókíá

Ta ló ni ìwé yìí?
Ẹ̀yin tí ẹ ń ri òpó, ẹ̀yin tí ẹ ń tún tiransifọ́mà ṣe, ẹ̀yin rìwáyà àti ẹ̀yin tí ẹ ń so sólà, ẹ̀yin la kọ ọ́ fún. A kọ ọ́ fún ẹ̀yin baálé àti ìyálé tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín pẹ̀lú.

Ìdí tí a fi kọ ọ́
Iṣẹ́ iná a máa parí, òṣìṣẹ́ a sì padà sílé, ṣùgbọ́n ohun tó bá dà sílẹ̀ níbẹ̀ kì í bá a lọ. Omi kànga ṣì ni ọ̀pọ̀ agbolé wa ń mu. Epo tó bá dà sórí iyanrìn lónìí, òjò lè wọ́ ọ dé inú kànga lọ́la.

Epo tiransifọ́mà
Epo yìí ló ń tu wáyà inú tiransifọ́mà lára kó má baà gbóná jù. Nínú àwọn tiransifọ́mà àtijọ́, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ PCB lè wà nínú rẹ̀. PCB kì í tètè jẹrà nínú ilẹ̀. Inú ọ̀rá ẹja àti ẹran ló máa ń kó jọ sí, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Àdéhùn Stockholm ti ọdún 2001, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, fi ọdún 2025 ṣe gbèdéke fún yíyọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì fi 2028 ṣe ti pípalẹ̀ ẹ̀gbin rẹ̀ mọ́.

A ti rí irú rẹ̀ rí. Lọ́dún 1988, wọ́n bá àgbá ẹ̀gbin olóró tó ti Ítálì wá ní ìlú Kòkó, PCB sì wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ààbò àyíká sílẹ̀ lọ́dún náà. Àjọ NESREA ló gba iṣẹ́ ọ̀hún lọ́dún 2007.

Ojú lásán kò lè dá PCB mọ̀, àfi àyẹ̀wò. Nítorí náà:

1. Kí ẹ tó tú epo, ẹ tẹ́ tapólì, kí ẹ sì gbé ọpọ́n sábẹ́ ẹnu tiransifọ́mà náà.
2. Bí ó bá dà, ẹ da iyanrìn gbígbẹ tàbí lẹ́búlẹ́bú igi lé e. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ike ọlọ́mọrí. Ẹ má fi omi ọṣẹ ṣàn án lọ sí gọ́tà.
3. Ẹ má ta àgbá rẹ̀ fún ẹni tí yóò fi pọn omi tàbí rọ epo pupa sí.
4. Ẹ má fi epo náà dín àkàrà, ẹ má fi pa ara.

Wáyà, bátìrì àti gílóòbù
Ẹ má sun wáyà nítorí bàbà inú rẹ̀. Èéfín rọ́bà rẹ̀ ní oró, eérú rẹ̀ a sì bà lé láfún tí a sá sójú òòrùn. Ọ̀bẹ ni kí ẹ fi bó o.

Òjé àti ásíìdì ló wà nínú ọ̀pọ̀ bátìrì ínfátà. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ kí àmì kankan tó hàn. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, ìjọba ti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì ní Ògijo pa lọ́dún 2025 nítorí òjé. Ẹ má fọ́ bátìrì lágbàlá. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Gílóòbù gbọọrọ lè ní mákúrì nínú. Bí ó bá fọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ lé ọmọdé jáde, ẹ fi páálí kó o. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a.

Bí omi bá yí padà
Bí ẹ bá fa omi, tí ojú rẹ̀ ń dán bí òṣùmàrè nínú garawa, tí ó sì ń rùn bí epo, ẹ má mu ún, ẹ má sì sè é. Epo kì í tìtorí sísè kúrò nínú omi. Ẹ bo kànga náà, kí ẹ sì lọ sọ fún àwọn wolé-wolé ní ìjọba ìbílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ iná, a bẹ̀ yín: kí ẹ tó di irinṣẹ́ yín, ẹ wo ilẹ̀ yíká, ẹ dí ihò tí ẹ gbẹ́, ẹ ṣa gbogbo ègé wáyà. Àwọn ọmọ tí yóò mu omi ibẹ̀ kò mọ ohun tó dà sí i.