Àtọ̀gbẹ àti Egbò Ẹsẹ̀ Tí Kì Í Dun Ni

Ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ ni a fẹ́ sọ. Àwọn àgbà tí wọ́n fún àìsàn yìí lórúkọ ti ṣàkíyèsí rẹ̀ dáadáa: ẹni tí ó ń ṣe a máa tọ̀ ṣáá, òùngbẹ a máa gbẹ ẹ́, a sì máa rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun yó. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé èèrà a máa bo ibi tí ó bá tọ̀ sí. Èèrà kò purọ́. Ṣúgà ni ó ń wá.

Níbo ni ṣúgà ọ̀hún ti wá? Kì í ṣe inú tíì nìkan. Ẹ̀bà, iyán, ìrẹsì àti búrẹ́dì, ṣúgà ni gbogbo wọn ń dà nínú ara. Àwọn kan gbà pé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní ṣúgà rárá, wọn a sì máa jẹ ẹ́ láìwọ̀n. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀jẹ̀ ní í gbé ṣúgà yìí kiri, ṣùgbọ́n kò lè wọ inú ẹran ara bí oje kan tí à ń pè ní ínsúlínì kò bá ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn ikùn ní í ṣe oje náà. Bí oje kò bá sí, tàbí tí ara kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀, ebi á sì máa pa ẹran ara.

Nígbà kan, ọmọ tí kò bá ní oje yìí, ikú ni. Ní 1921, Frederick Banting àti Charles Best rí i fà yọ láti ara ajá ní Toronto, ní Kánádà. Ní January 1922, wọ́n gún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ irú oje bẹ́ẹ̀. Ó sì wà láàyè títí di 1935.

Ti àgbàlagbà a máa yọ́ wọlé ni. Ènìyàn lè ní i fún ọdún púpọ̀ láìmọ̀. Ní òwúrọ̀ kí a tó jẹun ni wọ́n máa ń gba ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ṣúgà bá tó 126 mílígíráàmù nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n tún un wò tí ó sì tún rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Oògùn wà tí ń kápá rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ da oògùn dókítà nù nítorí àgbo tòun, ẹ má dá a lóhùn.

Ṣúgà tí ó pọ̀ lápọ̀jù a máa ba ojú jẹ́, a sì máa ba kíndìnrín jẹ́. Ṣùgbọ́n ti ẹsẹ̀ ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Ó ń ba àwọn iṣan tí ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ jẹ́, ó sì ń dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ìṣó á gún bàbá, kò ní mọ̀. Omi gbígbóná á bó o lẹ́sẹ̀, eku á jẹ ẹ́ lóru, oorun ni yóò máa sùn. Ẹ̀jẹ̀ tí ì bá wo egbò náà sàn kò sì dé ibẹ̀ tó. Bí ó bá rà, ó lè di pé kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀hún.

Nítorí náà, kí alátọ̀gbẹ má ṣe rìn láìwọ bàtà, àní nínú ilé. Kí ó gbọn bàtà kí ó tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Kí ó nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀, kí ó má sì fi abẹ gé awọ tí ó le ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, iṣẹ́ tiyín nìyí: ojú ìyá àgbà lè má ríran dé abẹ́ ẹsẹ̀ ara wọn mọ́. Ní alaalẹ́, ẹ gbé àtùpà, ẹ bá wọn yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wò. Bí ẹ bá rí egbò, ì báà kéré bí hóró àgbàdo, tàbí ibi tí ó dúdú tàbí tí ó wú, ẹ sọ fún àgbà ilé kí wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ìyá àgbà bá ní kò dun àwọn, ẹ má tìtorí ìyẹn dúró.