Ojú Kọ̀ǹpútà àti Àpótí Tí Kì í Ṣe Tirẹ̀

Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ń jẹ owó ẹgbẹ́ àti owó ilé ẹ̀kọ́.

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí à ń rà ní Kutọnu àti ní Lomé, àlòkù ni wọ́n. Orí omi ni wọ́n gbà dé. Ẹni tó ń tà wọ́n lè ta àpótí lọ́tọ̀, kó ta ojú lọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ á dá owó jọ, wọ́n á ra àpótí lọ́wọ́ ẹnì kan, wọ́n á ra ojú lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá délé, tí wọ́n so wọ́n pọ̀, tí wọ́n tan iná, ojú á dúdú bíi kóró iṣin. Wọ́n á ní, "Háà, ojú yìí ti kú!" Wọ́n á gbé e jù sí ẹ̀yìnkùlé. Bẹ́ẹ̀, ojú náà lè máà kú rárá. Ó lè jẹ́ pé òun àti àpótí kò gbọ́ ara wọn ni.

Kí ni àpótí? Kí ni ojú?

Àpótí ni ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ojú ni ibi tí a ti ń rí iṣẹ́ náà. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní écran. Okùn ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Ohun tí àpótí bá fi ránṣẹ́ nínú okùn, ojú á gbà á, á sì sọ ọ́ di àwòrán.

Kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe kọ̀ǹpútà. Láyé ọjọ́un ní Amẹ́ríkà, IBM ń ṣe tirẹ̀, Apple náà ń ṣe tirẹ̀ tó pè ní Macintosh. Kálukú ló ń ṣe ojú tó bá àpótí tirẹ̀ mu. Bí a bá fẹ́ so ojú ti ọ̀kan mọ́ àpótí ti èkejì, ohun mẹ́rin la ó wò: ẹnu, ìyára, èdè àti iná.

1. Ẹnu

Ẹ wo orí okùn dáadáa. Ẹ ó rí àwọn irin tín-ín-rín nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á pè wọ́n ní eyín.

Ní 1987, IBM gbé kọ̀ǹpútà PS/2 jáde. Ẹnu tí wọ́n fi so ojú mọ́ ọn là ń pè ní VGA. Ó gba eyín 15, ní ìlà mẹ́ta, márùn-ún márùn-ún. Ní ọdún yẹn kan náà, Apple gbé Macintosh II jáde. Ẹnu tirẹ̀ náà gba eyín 15, ṣùgbọ́n ìlà méjì ni: 8 ní ìlà kan, 7 ní ìlà kejì. Ṣé ẹ rí i? Iye eyín kò yàtọ̀, ètò wọn ló yàtọ̀. Okùn ti ọ̀kan kò lè wọ ẹnu èkejì. Ẹ má fi agbára tì í o! Eyín á tẹ̀, á sì kán.

Kí la ó ṣe? Ẹnu kékeré kan wà tí wọ́n ń tà. Apá kan rẹ̀ bá Macintosh mu, apá kejì bá VGA mu. Alásopọ̀ la ó pè é níbí. Àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní adaptateur.

Ṣùgbọ́n Macintosh àtijọ́ fẹ́ mọ irú ojú tí a so mọ́ ọn. Eyín mẹ́ta ló fi ń béèrè. Bí kò bá rí ìdáhùn, ó lè má fi àwòrán kankan ránṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ alásopọ̀ Macintosh fi ní bọ́tìnnì kéékèèké lára. Bí a bá ṣe tò wọ́n ló máa sọ fún àpótí pé ojú báyìí báyìí ló wà níbẹ̀. Ní 1999, Apple fúnra rẹ̀ fi ẹnu VGA sára Power Macintosh G3 tuntun. Wàhálà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù.

2. Ìyára

Ẹ wo onílù àti oníjó. Bí ìlù bá yára ju ẹsẹ̀ oníjó lọ, ijó á dàrú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpótí àti ojú.

Ojú àtijọ́, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi bíi ti tẹlifísọ̀n àtijọ́, ń fa àwòrán ní ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí VGA ń fa odindi àwòrán nǹkan bí ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú Macintosh aláwọ̀ mèremère ti íǹṣì 13 ń fà á nǹkan bí ìgbà 67. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀ lójú wa, ṣùgbọ́n ojú tó mọ ìyára kan ṣoṣo kò lè bá òmíràn lọ. Àwòrán á máa sáré, tàbí kó ya, tàbí kí ojú dúdú. Àwọn míì tilẹ̀ lè bàjẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn tó ń han láti inú rẹ̀, ẹ tètè pa á.

Àwọn ojú kan wà tó mọ oríṣiríṣi ìyára. NEC ti Jàpáànì ta irú rẹ̀, ó pè é ní MultiSync. Ojú pẹlẹbẹ ti òde òní náà mọ ìyára púpọ̀.

Ẹ kíyè sí i: ẹ má ṣe tú ẹ̀yìn ojú àtijọ́ o! Iná inú rẹ̀ lè ju 20 000 V lọ. Bí ẹ bá tilẹ̀ ti yọ okùn iná rẹ̀, iná lè ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì lè gbé ènìyàn.

3. Èdè

VGA ń fi àwòrán ránṣẹ́ bí iná tó ń lọ sókè tó ń lọ sílẹ̀. DVI (1999), HDMI (2002) àti DisplayPort (2006) ń fi í ránṣẹ́ ní nọ́ńbà. Èdè méjì nìyẹn.

Láti HDMI sí ẹnu DVI, èdè àwòrán kan náà ni. Alásopọ̀ lásán tó. Láti HDMI sí VGA, èdè yí padà. Ògbufọ̀ la nílò níbẹ̀, ìyẹn alásopọ̀ tó ní ẹ̀rọ kékeré nínú. Ògbufọ̀ tó ń sọ HDMI di VGA kì í sọ VGA di HDMI. Ẹ sọ ìhà tí ẹ ń lọ fún ẹni tó ń tà á.

Ẹnu tó wọlé lè tàn wá jẹ. Ní 2011, Apple gbé ojú kan jáde tó ń jẹ́ Thunderbolt Display. Okùn rẹ̀ ń wọ ẹnu Mini DisplayPort wẹ́kú. Ṣùgbọ́n bí àpótí kò bá gbọ́ èdè Thunderbolt, ojú náà kò ní tàn láéláé. Ní 2016 ni Apple ṣíwọ́ títa rẹ̀, nítorí náà àlòkù ni ẹ ó máa rí. Pé okùn wọlé kò túmọ̀ sí pé wọ́n gbọ́ ara wọn.

4. Iná

Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 V. Ti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jẹ́ 220 V. Ẹ wo ẹ̀yìn ojú. Bí wọ́n bá kọ 100-240 V, kò sí wàhálà. Bí ó bá jẹ́ 120 V nìkan, á jó, àfi bí ẹ bá ra ẹ̀rọ tó ń dín iná kù.

Láàárín 2000 sí 2004, àwọn ojú Apple kan ń gba àwòrán àti iná nínú okùn kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní ADC. Ẹni tó bá fẹ́ so ó mọ́ àpótí míì gbọ́dọ̀ ra alásopọ̀ tó ní iná tirẹ̀. Ẹ fi owó yẹn kún iye ojú kí ẹ tó ná an.

Kí ẹ tó sanwó

– Ẹ ya àwòrán ẹnu tó wà lẹ́yìn àpótí yín, kí ẹ mú un lọ sọ́jà.
– Ẹ ka orúkọ ojú náà àti iye iná rẹ̀.
– Ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ irú àpótí yín, kí wọ́n tàn án lójú yín.
– Ẹ béèrè iye alásopọ̀ tàbí ògbufọ̀ rẹ̀.

Abèèrè kì í ṣìnà. Owó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn dá jọ, kò yẹ kó parí sí ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ jọ dáhùn àwọn ìbéèrè yìí

1. Eyín VGA àti ti Macintosh II jẹ́ 15. Kí ló dé tí okùn ọ̀kan kò fi lè wọ ẹnu èkejì?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín alásopọ̀ lásán àti ògbufọ̀?
3. Ǹjẹ́ ojú kan wà ní ìlú yín tí wọ́n ní ó ti kú? Nínú ohun mẹ́rin tí a kà, èwo ni ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò?